Gílóòbù LED àti Ìkìlọ̀ Inú Ọkọ̀: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Rìwáyà ní Agbègbè Ìbà

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí kò tóbi lójú. Gílóòbù ọkọ̀ kan jó. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ra gílóòbù irú tuntun tí a ń pè ní LED, ó fi rọ́pò èyí tí ó jó, iná sì tàn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, dáàṣíbọọ̀dù sọ fún un pé gílóòbù kan ti kú; iná tiráfíkétọ̀ rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú wéréwéré bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó gbé ọkọ̀ padà tọ rìwáyà lọ. Rìwáyà so nǹkan kan mọ́ wáyà, ìkìlọ̀ náà sì dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Kí ni ọkọ̀ náà rí tí ó fi kìlọ̀? Kí ni rìwáyà ṣe tí ìkìlọ̀ náà fi dákẹ́? Ṣé ìdákẹ́ yìí fi hàn pé ara ọkọ̀ ti dá ni, tàbí a kàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu?

Ìbà tí a fi ṣe ibùdó àlàyé wa jẹ́ ìlú kan nítòsí Ìkirun, Inísà àti Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ti ọkọ̀, agbègbè yìí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá: tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù lójú pópó. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a wá gbé wálé ni a fún ọkọ̀ àlòkù, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé ìwà ilẹ̀ tí ó ti wá ni ọkọ̀ náà ń hù. Ìwà kan nínú wọn ni pé kí ó máa ròyìn ara rẹ̀ fún ẹni tí ó ń wà á.

Rìwáyà ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ iná ọkọ̀. Ó yàtọ̀ sí mẹkáníìkì tí ń tú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ojú ni ó fi wò ó, ọwọ́ ni ó sì fi ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ yìí lórí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975, tàbí lórí Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní ọdún kan náà. Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí ó bá lè tọ wáyà láti ìdí bátìrì dé ìdí gílóòbù ti mọ gbogbo ohun tí ó yẹ ní mímọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó wà láàárín bátìrì àti gílóòbù. Ìmọ̀ tí a fi ń tọ wáyà nìkan kò tó mọ́.

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa léwájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́nsì àti ìṣirò. Bí a bá lè ṣe é fún ọmọdé nínú kíláàsì, kò yẹ kí a má lè ṣe é fún àgbà tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn lójú pópó.

2.0 Gílóòbù méjèèjì

2.1 Gílóòbù àtijọ́

Fọ́nrán tín-ín-rín kan ni ó wà nínú gílóòbù àtijọ́. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò gbóná títí yóò fi pọ́n, títí yóò sì fi máa tàn yòò. Ooru ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń jẹ ń dà. Díẹ̀ ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Wáàtì 21 ni gílóòbù bíréèkì àti ti tiráfíkétọ̀ sábà máa ń jẹ́. Wáàtì 5 ni gílóòbù kékeré tí ń tan nọ́ńbà ọkọ̀. Bí a bá fi fólítì 12 tí bátìrì ní pín wáàtì 21, a ó rí áńpíà 1.75. Ìwọ̀n ìṣàn iná tí gílóòbù náà ń fà nìyẹn.

Kókó kan tún wà tí a ó lò níwájú. Bí fọ́nrán náà bá tutù, ìdènà tí ó ń ṣe fún iná kéré púpọ̀: kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ó máa ń ṣe bí ó bá ti gbóná.

2.2 Gílóòbù LED

LED kò ní fọ́nrán. Èérún kékeré kan tí a fi èròjà pàtàkì ṣe ni ó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbóná. Ní 1962 ni Nick Holonyak, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣe irú èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa. Èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run pẹ́ kí ó tó jáde. Iṣẹ́ Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura lórí rẹ̀ ni ó mú kí a fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2014. Lára èyí ni a ti rí funfun: èérún aláwọ̀ ojú ọ̀run ni a fi èròjà tí ń tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ìyeyè bò. Nítorí náà, pupa kò pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ LED funfun. Ẹni tí ó bá fi í sẹ́yìn ike pupa iná bíréèkì yóò rí i pé kò tàn tó bí ó ti rò. LED pupa ni ó yẹ ike pupa. Ti tiráfíkétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn.

LED tí ó rọ́pò gílóòbù wáàtì 21 kì í sábà jẹ ju wáàtì 2 sí 5 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó sì ń tàn. Fọ́nrán gílóòbù àtijọ́ nílò nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó gbóná dé ojú ìwọ̀n. Ọkọ̀ tí ń sá ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń kọjá mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná bíréèkì ẹni tí ó wà níwájú bá jẹ́ LED, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti rí i ní nǹkan bí mítà mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú ìgbà tí ì bá rí ti àtijọ́. Nítorí náà, kì í ṣe fáàrí nìkan ni ó ń mú kí ènìyàn fẹ́ LED. Èrè gidi wà níbẹ̀.

3.0 Bí ọkọ̀ ṣe ń mọ̀ pé gílóòbù kú

3.1 Fìláṣà

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, fìláṣà ni ó ń mú kí tiráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú. Abala irin kan wà nínú rẹ̀ tí ìṣàn iná ń mú gbóná. Bí ó bá gbóná, a tẹ̀, a sì gé iná. Bí ó bá tutù, a nà padà, iná a sì tún tàn. Bí gílóòbù kan bá kú, ìṣàn iná dínkù, ìlù tí fìláṣà ń lù sì yí padà: iná lè máa falẹ̀ tàbí kí ó dúró gbagidi láìṣẹ́jú. Fìláṣà ẹlẹ́rọ tí ó dé lẹ́yìn èyí ń wọn ìṣàn iná fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí i pé ó dínkù, a mú ìlù náà yá kánkán. Ìlànà àgbáyé ni pé kí iná yìí máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Awakọ̀ tí ó bá gbọ́ tí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ̀ pé gílóòbù kan ti sùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan ní gílóòbù wáàtì 21 níwájú, wáàtì 21 lẹ́yìn, àti wáàtì 5 kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 47. Bí ti ẹ̀yìn bá kú, ó ku wáàtì 26. Bí a bá wá fi LED oníwáàtì 3 rọ́pò ti ẹ̀yìn tí kò kú, àpapọ̀ yóò di wáàtì 29. Lójú fìláṣà, 29 àti 26 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Òótọ́ ni ó ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ rẹ̀ ti mọ.

3.2 Kọ̀ǹpútà

Ní 1983 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò tí a ń pè ní CAN; wọ́n sì gbé e jáde fún aráyé ní 1986. Nípa ètò yìí, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Kọ̀ǹpútà kan gbọ́, ó sọ fún òmíràn, èyí sì fúnra rẹ̀ rán iná sí gílóòbù. Bí ó ti ń rán an, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà yẹ gílóòbù wò. Èkíní ni ìgbà tí iná wà ní títàn: ó ń wò ó bóyá ìṣàn iná tó bí ó ti yẹ. Èkejì ni ìgbà tí iná wà ní pípa: a rán iná fírí kan lọ, èyí tí kò pẹ́ tó láti mú fọ́nrán pọ́n, kí ó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì já gaara. Fọ́nrán tútù kì í ṣe ìdènà púpọ̀, bí a ti sọ lókè. Nítorí náà iná fírí yìí ń kọjá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n LED kì í dúró kí ó gbóná kí ó tó tàn. Fírí náà tó o. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rí i pé LED ọkọ̀ wọn ń tàn bàìbàì lóru bí tanátaná, nígbà tí wọ́n ti pa gbogbo iná.

Kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Kò rí ìmọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ìṣàn iná nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

4.0 Ọ̀nà mẹ́rin tí ìkìlọ̀ fi ń dákẹ́

4.1 Rẹsísítọ̀

Èyí ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù. Rìwáyà yóò so rẹsísítọ̀ kan mọ́ wáyà méjèèjì tí ó wọ inú gílóòbù, kí ó lè máa jẹ iná tí LED kò jẹ. Èyí tí wọ́n ń tà fún gílóòbù wáàtì 21 sábà máa ń jẹ́ óòmù 6. Ní fólítì 12, áńpíà 2 ni ó ń fà, wáàtì 24 ni ó sì ń jẹ. Bí a bá fi wáàtì 3 ti LED kún un, ó di 27. Kọ̀ǹpútà ti yó, ó dákẹ́.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Èkíní, wáàtì 27 ju 21 lọ. Ẹni tí ó ra LED kí ó má baà jẹ iná púpọ̀ ti wá ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ni ooru. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fólítì ń gòkè dé nǹkan bí 14, rẹsísítọ̀ yìí a sì máa jẹ wáàtì 32 ó lé díẹ̀. Agbára irin tí rìwáyà fi ń yọ́ òjé lè máà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi téèpù dè é mọ́ wáyà, tàbí tí a tì í sábẹ́ ike tàbí kápẹ́ẹ̀tì, iná lè sọ níbẹ̀. Ara irin ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ dè é mọ́ pẹ̀lú bóòtù, kí ooru lè rí ibi tàn lọ. Ti tiráfíkétọ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé ó ń sinmi láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì. Ti iná tí yóò máa tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ká ní LED náà kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wáàtì 3 ni ó lọ. Wáàtì 24 ti rẹsísítọ̀ ṣì kù. Kọ̀ǹpútà yóò rí 24 níbi tí ó ti ń retí 21, yóò sì gbà pé kò séwu. Ẹ wo awakọ̀ kan tí ó kúrò ní Òṣogbo lálẹ́, tí ó gba Ìkirun, tí ó ń lọ sí Ìbà. Ewúrẹ́ sá já sójú ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá tí ó kó ẹrù. Iná bíréèkì méjèèjì kò tàn, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọn kò ti tàn mọ́. Dáàṣíbọọ̀dù mọ́ rekete. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un, nítorí pé ó ti sanwó kí wọ́n má ṣe sọ fún òun mọ́.

4.2 Fìláṣà LED

Nínú ọkọ̀ tí fìláṣà rẹ̀ dá dúró, tí ó ṣeé fà yọ nítòsí àpótí fíúùsì, a lè fi fìláṣà tí wọ́n ṣe fún LED rọ́pò rẹ̀. Kò ní ooru, kò sì ń fi iná ṣòfò. Ohun tí a pàdánù ni pé fìláṣà yìí kì í wọn ohunkóhun: ìlù kan náà ni yóò máa lù bí gílóòbù tilẹ̀ kú.

4.3 Gílóòbù tí wọ́n kọ CANBUS sí lára

Àwọn LED kan wà tí wọ́n ti tún inú wọn ṣe kí kọ̀ǹpútà lè gbà wọ́n. Nínú àwọn kan, rẹsísítọ̀ kékeré ni wọ́n fi pamọ́ sínú, ooru rẹ̀ sì lè dín ọjọ́ ayé LED náà kù. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tí ó dára ju èyí lọ. Wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ níbi gílóòbù wáàtì 5 ju ti wáàtì 21 lọ, nítorí pé àlàfo tí wọ́n ní láti dí níbẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára páálí kì í ṣe ìbúra. Inú ọkọ̀ gan-an ni a ti ń dán an wò.

4.4 Bíbá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe irú ọkọ̀ kan náà ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú gílóòbù, ọ̀kan pẹ̀lú LED. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a lè gbé odidi iná LED tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún un wọlé, kí a sì fi ẹ̀rọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìṣàn iná kékeré ni kí ó máa retí. Bí èyí bá ṣeé ṣe, kọ̀ǹpútà yóò lè ròyìn bí ìṣàn kékeré náà bá dáwọ́ dúró. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù, òun náà ni ó sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pa àyẹ̀wò gílóòbù rẹ́ pátápátá. Èyí kò sàn ju rẹsísítọ̀ lọ, àfi ní ti pé kì í gbóná.

5.0 Ibi tí LED yẹ àti ibi tí kò yẹ

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo LED. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná kọ̀ọ̀kan bá kú láìròyìn.

Iná inú ọkọ̀ àti iná nọ́ńbà kò léwu púpọ̀. Kí a fi LED síbẹ̀ láìfòyà. Iná kékeré ẹ̀yìn gba ìṣọ́ra. Ti bíréèkì àti tiráfíkétọ̀ gba àròjinlẹ̀: bí a kò bá lè rí ọ̀nà tí ìkìlọ̀ yóò fi ṣì máa ṣiṣẹ́, gílóòbù àtijọ́ tí ń sọ òtítọ́ sàn ju LED tí a kò ní í mọ̀gbà tí ó kú.

Ti iná ńlá iwájú yàtọ̀ pátápátá. Díńgí àti gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n mọ́ ibi tí fọ́nrán wà gan-an. LED tí èérún rẹ̀ kò sí ní ojú ibẹ̀ yóò máa da ìmọ́lẹ̀ sójú ẹni tí ń bọ̀. Nílùú Ọba, ọkọ̀ tí a fi LED sí iná iwájú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún gílóòbù halogen kò gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò MOT. Ní Jámánì, láti 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fàyè gba LED kan pàtó fún irú ọkọ̀ kan pàtó tí wọ́n ti dán an wò lára rẹ̀. Ìṣe ìlú méjèèjì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà: gílóòbù nìkan kọ́ ni à ń yẹ̀ wò, bí kò ṣe gílóòbù àti ilé rẹ̀ papọ̀. Lójú ọ̀nà tóóró tí kò sí iná òpó, ẹni tí a fọ́ lójú fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti wakọ̀ ní afọ́jú fún ogójì mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún rìwáyà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìlànà yìí yóò ràn án lọ́wọ́:

(i) Kí ó pa iná, kí ó sì máa pààrọ̀ gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tí ó fa ìkìlọ̀.
(ii) Bí LED kò bá tàn, kí ó yí i padà sódì kí ó tó pè é ní òkú. LED mọ apá tí iná gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà.
(iii) Kí ó tan ẹ́ńjìnnì àti gbogbo iná fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, nítorí pé ìkìlọ̀ mìíràn kì í yára jáde.
(iv) Bí iná kékeré ẹ̀yìn bá wà ní títàn, kí ó ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ní ọ̀nà tí ojú yóò rí lọ́sàn-án gangan.
(v) Bí ó bá lo rẹsísítọ̀, ara irin ni kí ó dè é mọ́.
(vi) Kí ó sọ fún ọlọ́kọ̀, lọ́rọ̀ ẹnu, èwo nínú iná rẹ̀ ni ọkọ̀ kò ní í lè ròyìn mọ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò gba owó kankan, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá mọ̀ pé dáàṣíbọọ̀dù kò ní í sọ fún òun mọ́ yóò gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó tan iná, kí ó yí ọkọ̀ po, lálẹ́, kí ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó sì wo pupa méjì tí yóò hàn lára ògiri nínú díńgí. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìkìlọ̀ tí LED ń fà kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú ni ó rí ìṣàn iná tí ó kéré, ó sì sọ ohun tí a kọ́ ọ láti sọ. A ti fi ìṣirò hàn pé rẹsísítọ̀ ń mú kí ó dákẹ́ nípa títan án jẹ, àti pé ẹ̀tàn náà kì í parí sára ẹ̀rọ: awakọ̀ àti ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. A sì ti sọ pé níbi tí a kò bá ti lè dá ìkìlọ̀ sí, ó kéré tán kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé kò sí mọ́.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ti san owó fún ẹni tí yóò pa alóre lẹ́nu mọ́, ọgbọ́n arọ kò lè gbà á. A fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹgbẹ́ wa fún àríyànjiyàn, pẹ̀lú ìrètí pé yóò kúrò nínú yàrá yìí, yóò sì dé ìsọ̀ rìwáyà ní Ìbà, ní èdè tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jọ gbọ́.